Ẹsẹ̀ tó ṣì ń dun oníjó bàtá

Ọmọ mi,

Mo ti ka lẹ́tà rẹ. O ní ọmọ ọdún 17 ni ọ́, Ìbàdàn lo ń gbé, bàtá lo sì ń jó. Ẹsẹ̀ rẹ rọ́ níbi ìdánrawò, wọ́n ya X-ray lọ́sẹ̀ yẹn, wọn ò rí nǹkan kan, o sinmi fún oṣù kan. Ó ti pé oṣù méjì tí o ti padà sẹ́nu ijó, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń dùn ọ́. Ọ̀gá yín ní ọ̀lẹ ń ṣe ọ́, màmá rẹ fẹ́ mú ọ lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun, ìwọ náà sì ń gbé oògùn ìrora mì kí ìlù tó dún. Nísàlẹ̀ pátápátá lo wá kọ ọ́ pé o ti ń fi oúnjẹ du ara rẹ kí aṣọ ijó lè gbà ọ́, àti pé o ò rí nǹkan oṣù rẹ láti oṣù mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ló ká mi lára jù. Ojoojúmọ́ ni ara ń tún eegun ṣe, oúnjẹ ló sì fi ń ṣe é. Bí oúnjẹ ò bá tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe, nǹkan oṣù lè dúró, eegun á sì máa di ẹlẹgẹ́. Eegun bẹ́ẹ̀ lo wá ń gbá mọ́lẹ̀ sìmẹ́ńtì láìwọ bàtà! Ó lè sán díẹ̀díẹ̀, X-ray kì í sì í sábà rí irú sísán yẹn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. O ò ya ọ̀lẹ, ọmọ mi.

Jókòó, fi ìka kan ṣoṣo tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà, láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé ìdí àwọn ọmọ ìka. Bí ojú kan ṣoṣo bá wà, tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ̀ lọ, tí o ti ta gìrì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eegun. Bí o ò bá tiẹ̀ rí ojú kan, má jó mọ́ títí dókítà eegun á fi yẹ̀ ọ́ wò ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn yín níbẹ̀. Sọ ti oúnjẹ àti ti nǹkan oṣù fún wọn. Wọ́n á bi ọ́ bóyá o lóyún kí wọ́n tó tún ya X-ray. Má bínú, bí wọ́n ṣe ń bi obìnrin nìyẹn. Wọ́n lè ní kí o ṣe MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tó ń rí ohun tí X-ray lè má rí, mo sì mọ̀ pé owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n eegun kan wà lókè ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti tẹ̀ kòtò, ẹ̀jẹ̀ kì í dé àárín rẹ̀ dáadáa. Bó bá sán, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ láìfẹsẹ̀ tẹlẹ̀ rárá.

Màmá, bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ẹsẹ̀ yẹn tàbí kó fi omi gbígbóná àti òrí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Aṣọ ijó náà, kí télọ̀ tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kó máa jẹun yó, kí ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja wà níbẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi oògùn yẹn sílẹ̀. Ìrora ló ń sọ ibi tí o gbọ́dọ̀ dúró fún ọ, oògùn sì ń pa á lẹ́nu mọ́ nígbà tí ìyá ìlù ń pè ọ́ kí o fò. Nígbà tí dókítà bá yọ̀ǹda, kọ́kọ́ rìn láìsí ìrora, kí o tó fi ẹsẹ̀ kan dìde lórí àwọn ọmọ ìka rẹ̀, kí o tó fò kékeré.

Ní báyìí ná, gbé àpótí lọ síbi ìdánrawò. Jókòó, kí o máa fi èjìká dá ìyá ìlù lóhùn. Kọ̀wé sí mi bí o bá ti rí dókítà. Màá máa retí rẹ.