Ṣé Bíbélì ni èyí tó wà lórí fóònù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Orí fóònù ni mo ti ń ka Bíbélì. Bàbá tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ti wá sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú fóònù wá sí kíláàsì mọ́, pé ohun tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe Bíbélì. Ó dùn mí, torí ọpẹ́lọpẹ́ áàpù yìí ni mo fi ń kàwé lójoojúmọ́: àràárọ̀ ló ń fi ẹsẹ kan ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n kí n sòótọ́, tí ẹ bá bi mí lálẹ́ pé kí ni mo kà láàárọ̀, mi ò ní lè sọ. Ṣé fóònù ló fà á ni?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, Bíbélì ni èyí tó wà lórí fóònù rẹ. Kì í ṣe orí bébà ni Ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé wòlíì Aísáyà tí wọ́n rí ní 1947 nínú ihò àpáta lẹ́bàá Òkun Òkú, awọ ni wọ́n kọ ọ́ sí, gígùn rẹ̀ sì ju mítà 7 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ka apá ìparí rẹ̀ á máa fi ọwọ́ kan tú u, á máa fi ọwọ́ kejì ká a, títí yóò fi débẹ̀. Ojú rẹ̀ á ti kọjá lára gbogbo ohun tó ṣáájú.

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ìwọ àti Bàbá jọ wò. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gé Ìwé Mímọ́ sí wẹ́wẹ́, kò tiẹ̀ sí fóònù nígbà náà. Stephen Langton, bíṣọ́ọ̀bù àgbà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n sọ pé ó pín in sí àwọn orí tí à ń lò lónìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá. Bíbélì tí Gutenberg, atẹ̀wé ará Jámánì, tẹ̀ ní nǹkan bí 1455 kò ní nọ́ńbà ẹsẹ rárá. Ọdún 1551 ni Robert Estienne, atẹ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi nọ́ńbà sí àwọn ẹsẹ Májẹ̀mú Tuntun lédè Gíríìkì. Iṣẹ́ ńlá ni, òun ló jẹ́ kí èmi àti ìwọ lè ṣí ojú ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n wo ìparí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 21. Pọ́ọ̀lù dúró lórí àtẹ̀gùn, ó juwọ́ sí àwọn èèyàn, gbogbo wọn pa rọ́rọ́, ó lanu láti sọ̀rọ̀ lédè Hébérù, ni orí náà bá parí! Ọ̀rọ̀ tó sọ wà ní orí 22. Ẹni tó bá ń ka orí kan lójúmọ́ á sùn kó tó gbọ́ ohun tí Pọ́ọ̀lù wí.

Fóònù wá gé e kéré sí i. Ẹsẹ kan ṣoṣo ló ń bọ̀ lójú rẹ láàárọ̀, kò sí ti òkè, kò sí ti ìsàlẹ̀. Ó dá mi lójú pé o ti gba Jeremáyà 29:11 rí, níbi tí Olúwa ti ní èrò àlàáfíà ni òun ń rò sí wọn, láti fún wọn ní ìrètí. Lẹ́tà ni, ọmọ mi. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì ni Jeremáyà kọ ọ́ sí. Nínú orí 28, Hananáyà, wòlíì èké kan, ti ṣèlérí fún àwọn èèyàn pé láàárín ọdún méjì, àjàgà Bábílónì á ti ṣẹ́. Jeremáyà ní rárá. Ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n fẹ́yàwó, kí wọ́n máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n kó wọn lọ. Ẹsẹ 10 sọ pé ó di ìgbà tí 70 ọdún bá pé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹsẹ 11 tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbọ́ lẹ́tà yẹn kò ní fojú ara wọn rí ìpadàbọ̀. Ìrètí náà jinlẹ̀, ó lágbára, ó sì máa ń dùn mí dénú kí wọ́n gé e kúrò lára ọ̀rọ̀ tó gbé e ró.

Ní ti ìgbàgbé, fóònù lọ́wọ́ nínú ẹ̀ díẹ̀. Nínú Bíbélì mi, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Hábákúkù lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ wà: ojú ewé apá òsì, nísàlẹ̀. Ọwọ́ àti ojú mi náà ń bá mi rántí. Lórí fóònù, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ ń yọ̀ lọ sókè, kò ní ibùjókòó. Bàbá gba èyí jàre. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbàgbé rẹ ni pé ẹsẹ kan tí a kà láàárín ìṣẹ́jú kan, tí àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn sì gorí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò rí àyè wọ inú èèyàn.

Bàbá kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun kan, fi ọ̀wọ̀ bá a sọ ọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa lè fẹ lẹ́tà lójú lórí fóònù. Ẹni tí kò ríran rárá lè gbọ́ ọ. Gbígbọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí Pọ́ọ̀lù kọ àwọn lẹ́tà rẹ̀ sí kọ́kọ́ fi gbà wọ́n. Kólósè 4:16 sọ fún wọn pé kí wọ́n kà á nínú ìjọ, kí wọ́n sì rí i pé ìjọ Laodíkíà náà kà á.

Nítorí náà, dáńlóòdù Bíbélì náà, kí o pa dátà kó o tó bẹ̀rẹ̀. Dá ẹsẹ àràárọ̀ yẹn dúró fún ìgbà díẹ̀. Áàpù mìíràn máa ń jẹ́ kéèyàn pa nọ́ńbà ẹsẹ rẹ́ lójú. Tí tìrẹ bá ṣe é, pa á rẹ́. Bẹ̀rẹ̀ látorí lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí Fílémónì, ẹsẹ 25 péré ni gbogbo rẹ̀. Gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, kó o wá fi ọwọ́ ara rẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Diutarónómì 17:18 ní kí ọba pàápàá ní ẹ̀dà òfin tirẹ̀ ní kíkọ. Tí o bá parí rẹ̀, mú ìwé náà lọ sí kíláàsì Bàbá, kó o bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ jọ ka lẹ́tà náà tán níjókòó kan, kí ẹ tó mú ẹsẹ kankan jáde nínú rẹ̀.