Ìbéèrè Òǹkàwé: Sáfíìsì alùpùpù, ṣé nílé ni àbí lọ́dọ̀ ẹni tó tà á?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó di oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ra alùpùpù tuntun, òun ni mo sì fi ń gbé ẹrù fún àwọn oníṣòwò láti Ìdúmọ̀tà lọ sí Yábàá, Sùúrùlérè àti Ìkẹjà. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ìrìn mi kì í sì í dín ní 80 kìlómítà lóòjọ́. Àwọn tó tà á fún mi kìlọ̀ pé bí ẹlòmíràn bá tú u, wáráńtì ọdún kan tí wọ́n fún mi ti parẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ wọn fún sáfíìsì, ìyẹn àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀ látìgbàdégbà, odidi ọjọ́ kan ló máa ń bá a lọ, owó tí wọ́n ń gbà sì ń ni mí lára. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní irọ́ ni wọ́n ń pa, pé òfin kò gbà wọ́n láyè. Ṣé mo lè máa ṣe sáfíìsì náà fúnra mi nílé? — Agbẹ́rù, Èbúté Mẹ́ta.

ÌDÁHÙN: Arákùnrin wa, ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òfin kúrò nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́, ṣùgbọ́n òfin ibi tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ń sọ. Òfin Magnuson-Moss, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1975, kò gbà kí ilé iṣẹ́ sọ ọ́ di dandan fún oníbàárà láti lo pààtì tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ náà nìkan kí wáráńtì tó lè dúró, àfi bí ó bá ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin yẹn kò dé Èkó. Ohun tó so ẹ̀yin àti ẹni tó tà á fún yín pọ̀ ni ìwé wáráńtì tó wà lọ́wọ́ yín, nítorí náà ẹ jókòó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ wo ohun tó kọ sílẹ̀ gan-an, nítorí pé ohun tí ọmọ iṣẹ́ sọ lẹ́nu àti ohun tó wà nínú ìwé lè má dọ́gba. Bí wọ́n bá sì fi ohun tí kò sí nínú ìwé dù yín ní ẹ̀tọ́ yín, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti Nàìjíríà ti 2018 fún yín láyè láti fẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni LASCOPA, tí ó jẹ́ ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí wáráńtì bá ṣì wà, èrò tèmi ni pé kí ẹ má ṣe fi sáfíìsì tí ìwé náà dárúkọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí wọn, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀, wọ́n kọ ọjọ́, wọ́n sì kọ iye kìlómítà sí i. Ní pàtàkì, sáfíìsì àkọ́kọ́, tó sábà máa ń bọ́ sí àárín 500 sí 1,000 kìlómítà fún àwọn alùpùpù kéékèèké, kì í ṣe ohun à ń ṣe nílé. Nígbà yẹn ni àwọn irin inú ẹ́ńjìnì tuntun ń fara ha ara wọn kí wọ́n tó mọ ara wọn, ìyẹ̀fun irin sì ń bọ́ sínú ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn nọ́ọ̀tì tí wọ́n fún nígbà tí wọ́n ń to alùpùpù náà pọ̀ lè ti máa dẹ̀. Ẹni tó ní irin iṣẹ́ tó ń wọn bí a ṣe ń fún nọ́ọ̀tì ló yẹ kó yẹ gbogbo wọn wò.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò ti ara yín. 80 kìlómítà lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 480 lọ́sẹ̀ kan, èyí tó ń lọ sí nǹkan bí 2,000 lóṣù. Kò sí dílà, ìyẹn ẹni tó ń ta alùpùpù, kankan tó máa rí alùpùpù yín láàárín gbogbo ìrìn yẹn. Òjò ọ̀sán kan ṣoṣo lè fọ gbogbo ọ̀rá ara ṣéènì dànù kó tó di alẹ́, afẹ́fẹ́ táyà sì lè jò díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ Ajé kó tó di ọjọ́rú. Ìdí nìyí tí n kò fi rí i bí ọ̀rọ̀ pé kí ẹ yan ilé tàbí kí ẹ yan dílà. Ohun tí ó ń fẹ́ ojú lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ti ẹni tó ń gùn ún ni, nítorí pé òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà ní òwúrọ̀ kí ẹ tó jáde, nígbà tí táyà ṣì tutù, kí ẹ sì tẹ̀ lé iye tó wà nínú ìwé alùpùpù yín, kì í ṣe iye tí fọganáísà bá rò. Ní ti ṣéènì, kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ láé, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi ọ́ìlì gíà tàbí ọ̀rá ṣéènì pa á lára. Ẹ fi ìka ti apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè sódò ní àárín: lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, ó yẹ kó mì tó mílímítà 20 sí 30, ṣùgbọ́n ìwé yín ló máa sọ èyí tó bá tiyín mu. Èyí tó bá le jù á ba bíárìn inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́, èyí tó bá dẹ̀ jù sì lè fò kúrò lójú eyín lórí ìrìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ pa ẹ́ńjìnì kí ẹ tó fọwọ́ kan ṣéènì. Àwọn kan máa ń fi gíà sí i kí ṣéènì lè máa yí fúnra rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń nù ún, bí àkísà bá sì wọ inú eyín, ìka ló ń bá a wọlé.

Ọ́ìlì ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ní maṣíìnì tèmi, ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ṣẹ́ kù nínú ilé ni mo dà sí i, nítorí mo gbà pé ọ́ìlì ni ọ́ìlì. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé bí mo bá ń gun afárá Carter láti Ìddó, ẹ́ńjìnì á máa ké, ṣùgbọ́n maṣíìnì kò ní yára. Ohun tó fà á ni pé inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kan náà ni àwo kílọ́ọ̀ṣì ọ̀pọ̀ alùpùpù, èyí tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní èròjà tó ń mú kí irin máa yọ̀ lára irin kí epo má bàa tètè jó. Èròjà yẹn ló ń mú kí àwo kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀ dípò kí wọ́n di ara wọn mú. Ẹ wá àmì JASO MA tàbí MA2 lára ike ọ́ìlì. Ìwọ̀n àwọn ará Japan ni, fún alùpùpù tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì. MB wà fún irú èyí tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò sí nínú ọ́ìlì, bí ọ̀pọ̀ sikútà. Ẹ má ṣe gba èyí tí wọ́n bù sínú ìgò omi, bó ti wù kó pọ́n tó.

Bí wáráńtì bá ti parí, ẹ lè máa pààrọ̀ ọ́ìlì fúnra yín láìsí ìbẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná díẹ̀ kí ọ́ìlì lè ṣàn dáadáa, ẹ fi wọ́ṣà tuntun sí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà jáde, kí ẹ má sì fi gbogbo agbára yín fún un, nítorí àlùmíníọ́mù ni ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, irin ni nọ́ọ̀tì, ojú ihò náà ló sì máa bàjẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ wọ́n ju sáfíìsì mélòó kan lọ.

Ohun tí mi ò ní fọwọ́ sí pé kí ẹ ṣe nílé ni fàálùfù, ìyẹn àwọn ìdérí kéékèèké tó ń ṣí tó sì ń pa dé nínú ẹ́ńjìnì, àti bíréèkì olómi. Àlàfo tó wà lẹ́nu fàálùfù, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì, kò ju ìdá díẹ̀ lọ bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n ṣe fún un ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ní etí lòun fi ń gbọ́ ọ, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tàbí nínú ilé iṣẹ́ ńlá. Ibí gan-an ni ìdáhùn sí ọjọ́ kan tí ẹ ń pàdánù wà: ẹ́ńjìnì tó tutù pátápátá ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, alùpùpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ kọjá sì nílò wákàtí púpọ̀ kó tó tutù. Ẹ bá wọn sọ ọ́ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé lẹ ó máa gbé e wá, kó sùn síbẹ̀, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá wọṣẹ́. Ní ti omi bíréèkì, ó máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, bí ó bá sì gbóná jù, ọwọ́ bíréèkì á di rírọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ rẹ̀, ìdérí rẹ̀ ló sì ń sọ irú omi tó ń lò, bóyá DOT 3 tàbí DOT 4.

Bí ẹ bá rán ẹlòmíràn gbé e lọ sọ́dọ̀ dílà, kó má gbé èrò sẹ́yìn o. Láti 1 Okúdù 2022 ni ìjọba Èkó ti kọ́kọ́ fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, àwọn sì ni Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Lagos Island, Lagos Mainland àti Àpápá, wọ́n sì fi àwọn mìíràn kún un lẹ́yìn náà. Wọ́n yọ àwọn agbẹ́rù bíi tiyín sílẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí ẹrù àti ìwé yín ló ń fi yín hàn.

ÌBÉÈRÈ: Onílé wa ní Lafíàjì ní mi ò gbọdọ̀ tú alùpùpù mi nínú ọgbà mọ́. Ṣé kò ń fìyà jẹ mí ni? — Ayálégbé.

ÌDÁHÙN: Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yìn onílé yín ni mo wà bí ẹ bá ń da ọ́ìlì tó ti dúdú sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sínú gọ́tà. Ilẹ̀ Erékùṣù kò jìn sí omi, ohun tí ẹ bá sì dà sílẹ̀ á padà wá bá ẹni tó ń fa omi kànga. Ẹ gbé abọ́ fífẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ rọ ọ́ìlì náà sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì gbé e lọ fún mẹkáníìkì, nítorí àwọn tó ń ra ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù máa ń wá gbà á lọ́dọ̀ wọn. Ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti ibi tí àwọn obìnrin ilé ti ń dáná. Bí ẹ bá fi èyí han onílé yín, mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà yóò yanjú.

ÌBÉÈRÈ: Àgbàrá ká mi mọ́ ọ̀nà ní Múṣín, alùpùpù mi sì kú sínú omi. Nígbà tí mo wo ọ́ìlì rẹ̀, ó dà bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ṣé kí n taná sí i? — Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ẹ má taná sí i rárá, Ìyá Ìbejì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í kó lè jí. Omi ti wọ inú ọ́ìlì, bí omi bá sì wà lókè písítìnnì, yóò tẹ irin inú rẹ̀. Ẹ bá wa fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́. Wọ́n á yọ púlọ́ọ̀gì kí omi lè jáde, wọ́n á pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n á jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á sì tún da ọ́ìlì yẹn nù títí àwọ̀ funfun náà yóò fi tán. Ẹ ní kí wọ́n yẹ asẹ́ afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń gbà mí wò, àti bíárìn ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ tó tún gbé àwọn ọmọ sórí rẹ̀.