Ṣé mo lè sáìn fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kí wọ́n tó wọ sáìtì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Iṣẹ́ irin ni mò ń ṣe, Muṣin ni mo wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ irin ilé alájà mẹ́rin kan ní Yábàá lọ́wọ́ kọngílá. Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo kó lọ. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin àfi tó bá kọ́kọ́ jókòó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ààbò, wákàtí kan gbáko. Lọ́jọ́ kẹta, ara ọ̀kan nínú wọn ò yá, mo mú ẹlòmíì wá, wọ́n dá a padà ní géètì. Owó ojúmọ́ ni mò ń san. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ṣé n kò lè gba ìwé tí wọ́n ń ní kí kálukú sáìn lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, kí n sáìn fún gbogbo wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ náà, ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáìn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìwé yẹn ń sọ ni pé ẹni tó fọwọ́ sí i ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ tí ẹ sáìn fún, ẹ̀yin ni wọ́n máa bi, ẹ̀yin náà lẹ sì máa kojú ìyá rẹ̀.

Ọdún méjìdínlógún kì í ṣe ọjọ́ kan. Iṣẹ́ irin lẹ mọ̀, ẹ ò tíì mọ sáìtì yìí. Ẹ ò mọ ibi tí wọ́n dá ihò sí, tàbí igi tí káfíńtà ṣì ń dè lọ́wọ́ tí kò tíì lè gbé èèyàn.

Ojú mi rí i nígbà kan ní Èbúté Mẹ́tà. A ti da kankéré àjà kejì, a dá ihò sílẹ̀ tí páìpù máa gbà, a wá fi plywood bò ó, a kun ọ̀dà pupa sí i lórí. Àwa tí a ti ń bọ̀ níbẹ̀ mọ ohun tí ọ̀dà yẹn túmọ̀ sí. Ọmọ kan dé láàárọ̀ ọjọ́ náà láti bá àwọn tó ń ṣe omi ṣiṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ti bá a sáìn. Ó ń wá pákó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé plywood náà, ó dì í mú síwájú àyà, ó gbẹ́sẹ̀. Pákó tó gbé dání ò jẹ́ kó rí ilẹ̀ tó fẹ́ tẹ̀, inú ihò náà gan-an ló wọ̀ lọ. Kò tíì lo ogún ìṣẹ́jú lórí sáìtì. Ó yè, ṣùgbọ́n egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni kò gbọ́: ibi tí ẹ bá ti rí ọ̀dà pupa, ihò wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin onírin, wáyà iná ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mítà 12 ni ọ̀pá irin kan. Bí ẹ bá nà án ró, ó ga ju ọ̀pọ̀ opó iná àdúgbò lọ, ẹ sì mọ bí wáyà ṣe súnmọ́ ilé tó ní Yábàá. Wáyà iná ńlá kì í dúró kí irin tó kàn án, iná lè fò láti ara rẹ̀ mọ́ irin tó bá súnmọ́ ọn. Ẹ bi wọ́n léèrè: apá ibo la ó máa gbà gbé irin gòkè? Bí wọn ò bá lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ò tíì parí. Èyí tí wọ́n bá ṣe nínú ọ́fíìsì nìkan, tí wọn ò kó àwọn ọmọ yíká sáìtì, kò tó. Bí àwọn ọmọ Kùtọnu tàbí Hausa bá wà nínú àwọn ọmọ yín, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ẹni tó gbọ́ èdè wọn. Ọmọ tó bá kàn ń mi orí lè má gbọ́ nǹkan kan.

Ti ẹni tí wọ́n dá padà, wọ́n jàre. Orúkọ ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní òpópónà Gerrard, Ìkòyí, lóṣù kọkànlá ọdún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀, àwọn ẹbí sì dúró síta tí wọ́n ń retí ìròyìn èèyàn wọn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí níbì kan, ta ló máa mọ̀ pé ká wá a?

Wákàtí yẹn, iṣẹ́ ni. Ẹ san án fún wọn, kí ẹ sì fi kún iye tí ẹ máa ń pè fún kọngílá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tún béèrè ọ̀rọ̀ NSITF lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń rí sí owó ẹni tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́. Lábẹ́ òfin ọdún 2010, agbanisíṣẹ́ ló ń san ìdá 1 nínú 100 owó iṣẹ́ tó ń san, kí ẹni tó bá ṣèṣe lè rí owó ìtọ́jú. A kì í yọ ọ́ nínú owó ọmọ iṣẹ́.

Kí gbogbo wọn fi 767 àti 112, nọ́ńbà tí a fi ń pe ìrànwọ́ pàjáwìrì, sínú fóònù. Ní ti ẹni tó rọ́pò aláìsàn yẹn, ẹ pe sáfẹ́tì wọn, ẹni tó ń bójú tó ààbò sáìtì, lálẹ́ òní, ẹ fún un ní orúkọ ọmọ náà àti nọ́ńbà ẹbí rẹ̀ kan, kí ọmọ náà sì ti dé géètì kí aago méje tó lù lọ́la.