Ṣé mo lè so motor mọ́ ẹ̀yìn Commodore 64 tààrà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Commodore 64 kan, kọ̀ǹpútà àtijọ́, wà lọ́wọ́ mi tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ fi darí róbọ́ọ̀tì kékeré tó ní motor méjì, ọ̀kan fún táyà òsì, ọ̀kan fún tọ̀tún. Ṣé kí n kàn so wáyà wọn mọ́ user port, ojú ìsopọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣẹ ni user port lè pa, kò lágbára àtibọ́ motor. Iná fóólítì 5 tó wà ní ẹsẹ̀ (ojú wáyà) 2 rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílíáńpù 100 lọ, ojú mẹ́jọ tí à ń darí, ìyẹn PB0 dé PB7, kò sì tó ìyẹn rárá. Inú IC 6526, ẹ̀yà iná kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà náà, gan-an ni wọ́n ti jáde wá, kò sí ohun tó dáàbò bò ó. Mo ti jó ọ̀kan rí, ó sì dùn mí, nítorí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kò ṣe é mọ́.

IC L293D, tó ń gba àṣẹ kọ̀ǹpútà láti darí motor, ni kí ẹ fi sáàárín. Bátìrì ni yóò máa bọ́ motor, kọ̀ǹpútà á kàn máa pàṣẹ. PB0 àti PB1 lọ sí ẹsẹ̀ 2 àti 7 L293D fún motor òsì tó wà lórí ẹsẹ̀ 3 àti 6; PB2 àti PB3 lọ sí ẹsẹ̀ 10 àti 15 fún tọ̀tún tó wà lórí 11 àti 14. Ẹsẹ̀ 1, 9 àti 16 L293D gba fóólítì 5 láti ẹsẹ̀ 2 user port, ẹsẹ̀ 8 gba orí bátìrì. IC yìí máa ń jẹ bíi fóólítì 2 sí 3, nítorí náà ẹ má retí kí bátìrì fóólítì 6 dé ọ̀dọ̀ motor lódindi.

Wáyà tí a sábà máa ń gbàgbé ni ti ìdí bátìrì. Òun, ẹsẹ̀ 4, 5, 12 àti 13 L293D, pẹ̀lú ẹsẹ̀ 1 user port, gbọ́dọ̀ pàdé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àṣẹ kò ní dé ibi tó ń lọ. Ẹ yàgò fún ẹsẹ̀ 10 àti 11 user port: iná AC fóólítì 9 ló wà níbẹ̀. Ẹ sì pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tó so ohunkóhun tàbí kí ẹ tó yọ ọ́.

Ó ku BASIC, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà náà (POKE ń kọ nọ́ńbà sínú rẹ̀, PEEK ń kà á):

POKE 56579,15
POKE 56577,5

Ìlà kìíní sọ ojú mẹ́rin àkọ́kọ́ di olùpàṣẹ, mẹ́rin tó kù á máa gbọ́. Ìlà kejì mú táyà méjèèjì yí síwájú. 10 ni ẹ̀yìn, 6 mú un yí sósì lójú kan, 9 sọ́tùn-ún, 0 dá a dúró. Bí táyà kan bá ń yí sódì, ẹ pààrọ̀ wáyà méjèèjì motor rẹ̀.

Ẹ fi swítíìṣì kan síwájú róbọ́ọ̀tì, láàárín PB7 àti ìdí bátìrì. Bí ohunkóhun kò bá tẹ̀ ẹ́, 1 ni PB7 ń kà. Bó bá kọlu ògiri, ó di 0. Ẹ jẹ́ kí ètò yín máa tún ìlà yìí ṣe léraléra, á sì mú un padà sẹ́yìn:

IF (PEEK(56577) AND 128)=0 THEN POKE 56577,10

Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ dán an wò, ẹ gbé e ka orí ìwé nípọn kan kí táyà má kan ilẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó máa yí síwájú, kí ẹ sì fi ìka tẹ swítíìṣì náà. Táyà méjèèjì gbọ́dọ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀.