Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ kàwé sí i lórí ìtọ́jú àìsàn líle

Ìbéèrè

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àbójútó wa. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Adó-Èkìtì. Mo ní oyè BNSc, ìyẹn dìgírì nọ́ọ̀sì, mo sì lo ọdún mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin kí wọ́n tó gbé mi lọ sí ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù, ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀ ni ọkàn mi ti fà mọ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Amẹ́ríkà sọ fún mi pé àwọn nọ́ọ̀sì kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní acute care nurse practitioner, tí wọ́n ń yẹ aláìsàn wò, tí wọ́n ń kọ oògùn, tí wọ́n sì ń pinnu irú ìtọ́jú tí aláìsàn yóò gbà. Ó ní kí n lọ gba oyè másítà. Nígbà tí mo wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí MSN, mo rí DNP, mo rí AGACNP àti FNP, mo tún rí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn másítà, orí mi sì dàrú. Èwo ni kí n mú nínú wọn? Ṣé mo lè jókòó sí Adó níbí kí n ṣe é?

*Nọ́ọ̀sì kan, Adó-Èkìtì*

Ìdáhùn

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ òru. Má tíì mú oyè kankan. Kọ́kọ́ pinnu ilẹ̀ tí o fẹ́ ti ṣe iṣẹ́ náà, kí o sì mọ irú aláìsàn tí o fẹ́ máa tọ́jú, nítorí òfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ohun tí nọ́ọ̀sì lè ṣe àti orúkọ tí wọ́n á máa pè é. Bí o bá ti mọ ìdáhùn sí méjèèjì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tó dà ọ́ lórí rú yóò kúrò lọ́nà fúnra wọn.

Amẹ́ríkà ni orúkọ tí ọ̀rẹ́ rẹ dá ti wá. Ní ọdún 1965 ni nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Loretta Ford àti dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ Henry Silver bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nurse practitioner àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Colorado, ìlera àwọn ọmọdé láàárín ìlú ni wọ́n sì dá a sílẹ̀ fún. Ó pẹ́ kí iṣẹ́ náà tó wọ inú ilé ìwòsàn ńlá, débi pé ọdún 1995 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ìjẹ́rìí fún àwọn tó ń tọ́jú àìsàn líle. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló wà títí di òní: àwọn kan ń tọ́jú ẹni tó ń wá sí kíníìkì láti ilé, àwọn kan sì ń tọ́jú ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. FNP (family nurse practitioner) wà ní ọ̀nà àkọ́kọ́, tọmọdé tàgbà ló sì ń tọ́jú. AGACNP, ìyẹn ẹ̀ka acute care tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ fún àgbàlagbà, wà ní ọ̀nà kejì, láti orí ọ̀dọ́langba títí dé orí arúgbó. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọdé tí àìsàn rẹ̀ le ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ tuntun jòjòló. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé FNP lo máa kọ́kọ́ gbà, pé o ó fi wọ ICU tó bá yá, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ni kò gbà á mọ́, àwọn tó sì gbà á nígbà kan ti ń dá àwọn òṣìṣẹ́ wọn padà sí ilé ẹ̀kọ́.

Jẹ́ kí n fi iṣẹ́ náà hàn ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí èmi náà lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ICU kí n tó fẹ̀yìn tì. Ká sọ pé aago méjì òru ni. Bàbá kan wà lórí ẹ̀rọ tó ń bá a mí, rọ́bà wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ọ́síjìn ara rẹ̀ sì já láti 96 sí 84 lójú móńítọ̀, ẹ̀rọ ń han gooro. Ìwọ tí o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yóò wò ó bóyá rọ́bà ti ká tàbí ó ti yẹ̀, wàá fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó bá dí i, wàá fi kún ọ́síjìn, wàá sì ránṣẹ́ pe dókítà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì tí à ń sọ yìí ni wọn yóò pè. Òun ni yóò gbọ́ àyà bàbá náà lọ́tùn-ún àti lósì. Bí apá kan kò bá dún, yóò ronú pé afẹ́fẹ́ ti kóra jọ sí ìta ẹ̀dọ̀fóró, bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá sì tún ń já wálẹ̀, kò ní dúró de àwòrán X-ray kí ó tó gbé ìgbésẹ̀. Òun ni yóò yí ìwọ̀n ẹ̀rọ náà padà, tí yóò kọ oògùn, tí yóò sì jókòó ti ìyàwó àti àwọn ọmọ bàbá yìí lówùúrọ̀ láti ṣàlàyé. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, ó lè dá ṣe èyí lábẹ́ ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ní àwọn mìíràn, ó gbọ́dọ̀ ní àdéhùn pẹ̀lú dókítà. Ìpinnu lo fẹ́ kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fi ń béèrè ọdún kan tàbí méjì lẹ́nu iṣẹ́ ICU kí wọ́n tó gba ènìyàn wọlé. Oṣù márùn-ún rẹ kò tíì tó.

Ní ti oyè, MSN ni másítà, ó sábà máa ń gba nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta. DNP ni oyè dókítà fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn másítà wà fún ẹni tó ti ní másítà nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀, tó kàn fẹ́ fi ẹ̀ka yìí kún un, nítorí náà yọ ọ́ kúrò lọ́kàn fún ìsinsìnyí. Ní ọdún 2004, ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí DNP di ohun tí wọn yóò máa fi wọ iṣẹ́ náà nígbà tó bá fi máa di ọdún 2015. Ọdún náà dé, ó kọjá, másítà ṣì ń mú ènìyàn jókòó ṣe ìdánwò. Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ nurse practitioner tún dá ọdún 2025 fún ohun kan náà. Ìmọ̀ràn ni méjèèjì, wọn kì í ṣe òfin. Èrò tèmi ni pé kí o gba másítà, kí o ṣiṣẹ́, kí o wá lọ fún DNP bí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá pè ọ́ síbẹ̀. Ohun tí o gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ kankan ni wákàtí tí o máa lò pẹ̀lú aláìsàn lábẹ́ olùkọ́: 500 ni ó kéré jù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n tún ṣe ní 2022 gbé e dé 750. Tún béèrè ẹni tí yóò bá ọ wá olùkọ́ náà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń fi èyí sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, àjèjì tí kò mọ ẹnì kankan sì lè fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣòfò lórí rẹ̀.

Àjọ méjì ló ń ṣe ìdánwò ìjẹ́rìí AGACNP, ANCC àti AACN, o sì lè mú èyí tó bá wù ọ́. Ṣọ́ra fún lẹ́tà AACN yìí, nítorí ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ ẹ: ti àwọn nọ́ọ̀sì ICU, tó ń ṣe ìdánwò, àti ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga nọ́ọ̀sì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè.

Bóyá o lè ṣe é láti Adó, rárá o. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ibi ibùsùn aláìsàn ni wọ́n ti ń ka àwọn wákàtí yẹn, ìwé àṣẹ RN (nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin) ti Amẹ́ríkà ni wọn yóò sì kọ́kọ́ béèrè. Ìyẹn ni pé Àjọ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà yóò fi ẹ̀rí ìwé rẹ ránṣẹ́, CGFNS, àjọ Amẹ́ríkà tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì àjèjì wò, tó ti yí orúkọ padà sí TruMerit ní 2025, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ìwọ yóò sì ṣe NCLEX-RN, ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ìwé àṣẹ RN lọ́hùn-ún. Ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2024 béèrè pé kí nọ́ọ̀sì ti ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ kí àjọ náà tó fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ìwọ ti kọjá ìyẹn. Ọ̀nà tí mo rí i pé ó rọrùn jù fún àwọn ọmọ wa ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí RN ní ICU lọ́hùn-ún, kí wọ́n sì máa kàwé lẹ́nu iṣẹ́, nítorí àwọn ilé ìwòsàn kan ń ran òṣìṣẹ́ wọn lọ́wọ́ nínú owó ilé ẹ̀kọ́.

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wù ọ́, orúkọ tí wàá wá ni Advanced Clinical Practitioner. MSc ni oyè rẹ̀, ìtọ́jú aláìsàn, ìdarí, ìkọ́ni àti ìwádìí sì ni òpó mẹ́rin tó dúró lé lórí. Ilé iṣẹ́ ló sábà máa ń gba ènìyàn sí ipò akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó wọ yunifásítì, nítorí náà má ṣe fi owó ara rẹ san MSc lásán pẹ̀lú èrò pé ipò yóò tẹ̀lé e.

Ní ilé níbí, ẹ̀kọ́ post-basic (àfikún ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ti di nọ́ọ̀sì) lórí ìtọ́jú ICU wà ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn àti ní LUTH ní Èkó, másítà nọ́ọ̀sì sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Ifẹ̀. Wọn kò ní sọ ọ́ di nurse practitioner bí ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka èsì gáàsì inú ẹ̀jẹ̀, tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń gbé oògùn ìfúnpá sókè tàbí sílẹ̀, kì í bẹ̀rẹ̀ láti òdo níbikíbi. Àwọn aláìsàn Adó àti Ìdó yóò sì jàǹfààní rẹ̀ láti ọjọ́ tí o bá padà dé, èyí tó jẹ mí lógún gan-an. Ra ìwé kékeré kan lónìí, kí o máa kọ irú aláìsàn tí o tọ́jú àti ohun tí o kọ́ sínú rẹ̀, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa ìrírí rẹ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wàá rí nǹkan sọ.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, RN ló ní, kò tíì ní dìgírì. Ajẹ́ńtì kan ní òun lè bá a wá àyè másítà ICU ní Amẹ́ríkà lọ́dún yìí, bí mo bá lè san ìdajì owó sílẹ̀. Mo ní ilẹ̀ kan tí mo lè tà.

*Ìyá nọ́ọ̀sì, Ìkọ̀lé-Èkìtì*

Ìdáhùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta ilẹ̀ yín. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì ní ọdún méjì tí ìlànà ń béèrè, kò ní dìgírì, kò ní ìwé àṣẹ RN ti Amẹ́ríkà, kò sì tíì dúró ti aláìsàn ICU kan rí. Kò sí ajẹ́ńtì tó lè fò ó kọjá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ jẹ́ kí ó wá iṣẹ́, kí ó sì máa lé BNSc lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yunifásítì NOUN ní ètò fún àwọn tó ti jẹ́ RN, wọ́n sì ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Adó. Bí ẹ bá fẹ́ náwó lé e lórí lọ́dún yìí, ẹ fi san owó ilé ẹ̀kọ́ yẹn.

Ìbéèrè

Ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ni mo wà, Màmá, kì í ṣe ICU. Ṣé AGACNP náà ni ti èmi?

*Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan, Ìdó-Èkìtì*

Ìdáhùn

Ọ̀rọ̀ tìrẹ yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ ọdún méjì tó gbé owó ẹyọ mì lè wọlé tọ̀ ọ́ báyìí, kí ìyá arúgbó tó ní àrùn rọpárọsẹ̀ tẹ̀lé e, AGACNP kò sì ní jẹ́ kí o fọwọ́ kan ọmọdé yẹn. Nítorí náà ni ìjẹ́rìí ẹ̀ka pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní ENP, ṣe dúró lórí FNP. Gba FNP ní ilé ẹ̀kọ́ tó bá fi ẹ̀kọ́ pàjáwìrì kún un. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí wọ́n gbé láti ọ̀dọ̀ yín lọ sí ICU ni ọkàn rẹ máa ń bá lọ, nígbà náà ni kí o mú AGACNP.