Ẹrù Ẹni Lọ́wọ́ Ẹni Dé Ìdí Bàálù: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ bàálù olówó pọ́ọ́kú kan lókè òkun fẹ́ kí èrò máa gbé ẹrù ara wọn dé ìdí bàálù. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló dé tí wọn ò fi ní gbà á ní kóńtà bí a ṣe mọ̀ ọ́n? – Òǹkàwé kan, Bódìjà

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Michael O'Leary, ọ̀gá Ryanair, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ireland ní 1984, ló gbé e jáde ní 2009: kí èrò fa báàgì rẹ̀ gba ibi àyẹ̀wò kọjá, kó gbé e dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, kí òṣìṣẹ́ gbà á níbẹ̀ kó tó sọ ọ́ sí ikùn bàálù. Owó ni wọ́n fẹ́ fi pamọ́. Ẹrù tí ẹ bá fi sílẹ̀ ní kóńtà, èèyàn ni yóò wọ̀n ọ́n, bẹ́líìtì ni yóò gbé e wọ ẹ̀yìn, wọn yóò yà á sọ́tọ̀, wọn yóò tún fi ọkọ̀ wà á dé ìdí bàálù. Gbogbo rẹ̀ pátá ni ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún. Bàálù wọn tó ń gbé èrò 189 sì gbọ́dọ̀ já èrò, kó òmíràn, kó tún gbéra láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Èyí tó bá dúró sílẹ̀ kò pa owó kankan wọlé.

Ibi tí ètò náà ti le ni ibi àyẹ̀wò. Ẹrù tó ń lọ sí ikùn bàálù lè ní ọ̀bẹ, àlùmọ́gàjí gígùn àti ìgò ìpara ńlá nínú, nítorí ọwọ́ èrò kankan ò ní tó o lójú òfurufú. Ṣùgbọ́n báàgì tí ẹ bá fọwọ́ ara yín fà gba ibi àyẹ̀wò èrò, òfin ẹrù ọwọ́ ló máa bá a wí. Láti 2006, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá Britain tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi ohun olómi fọ́ bàálù, ohun olómi kò gbọ́dọ̀ ju mílílítà 100 lọ nínú ìgò kan, kí gbogbo ìgò náà sì wọ inú ọ̀rá lítà kan. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò ni wọ́n ń wò: ìgò mílílítà 200 tó ku ìlàjì kò ní kọjá. Òrí, ọṣẹ dúdú rírọ̀ àti ata lílọ̀, ohun olómi ni wọ́n ka gbogbo wọn sí. Àwọn pápákọ̀ kan ti fi ẹ̀rọ tuntun dẹ òfin yìí, àmọ́ èyí tí ẹ máa gbà padà lè má tíì ní i.

Ètò náà kò di dandan fún gbogbo èrò. Owó orí báàgì ni wọ́n tẹ̀ mọ́. Lónìí, báàgì ọ̀fẹ́ ti Ryanair kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 40 × 30 × 20 lọ. Ti easyJet, ilé-iṣẹ́ bàálù pọ́ọ́kú ti Britain, jẹ́ 45 × 36 × 20, kílò 15 ló sì pọ̀ jù. Táyà àti ọwọ́ báàgì wà nínú ìwọ̀n náà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jìyà: wọ́n fi tépù wọn ara báàgì nílé, wọ́n gbàgbé táyà. Tí kò bá wọ àpótí ìwọ̀n tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà, owó tí Ryanair máa gbà lè dé 75 Euro, ó sì lè ju owó tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lọ. Ní tiwa o, báàgì aláṣọ tí kò ní táyà ló dáa jù, torí ó ṣeé tẹ̀ wọlé.

Ìbéèrè: Mo máa ń wọ bàálù ní Aláàkíà lọ Abuja. Nígbà mìíràn wọ́n á gba báàgì ọwọ́ mi ní ìdí bàálù, wọ́n á so táàgì mọ́ ọn. Ṣé mo lè kọ̀? – Oníṣẹ́ ìjọba, Mọ́níyà

Ìdáhùn: Ẹ má kọ̀ ọ́. Bàálù ATR 72 àti CRJ 900 tí wọ́n sábà ń ná irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kéré, àpótí òkè orí wọn kò gba báàgì onítáyà tó máa ń wọ Boeing 737 wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ohun tí ẹ máa yọ jáde kí báàgì tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rọ tí a fi ń gba iná sára fóònù, ìyẹn páwà báǹkì, ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Kò gbọ́dọ̀ wọ ikùn bàálù rárá. Bátìrì lithium lè gbiná fúnra rẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín èrò, òṣìṣẹ́ á rí i, á sì da omi sí i. Nínú ikùn bàálù, kò sẹ́ni tó lè dé ibẹ̀. Ẹ yọ ìwé ìrìnnà, oògùn, owó, kọ́kọ́rọ́ ilé àti kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Ẹ ti kó wọn sínú ọ̀rá kékeré kan láti ilé, kó má baà di pé ẹ ń tú báàgì lórí pápá, kí èrò tò sẹ́yìn yín.

Ẹ tún wo bí páwà báǹkì yín ṣe tóbi tó. Ẹ fi 3.7 sọ nọ́ńbà mAh (òṣùwọ̀n iná tó lè gbà) tó wà lára rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 1,000 pín in. Ti 20,000 máa jẹ́ 74 Wh (òṣùwọ̀n agbára bátìrì), kò léwu. Èyí tó bá ti ju 100 Wh lọ, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù. Èyí tó ju 160 Wh, kí ẹ fi sílé. Tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti pa rẹ́, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Ọmọ mi ń lọ kàwé ní Dublin. Èkó sí London ni tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, báàgì méjì oníkílò 23. Ó wá rí bàálù pọ́ọ́kú láti London lọ Dublin. Ẹ̀lùbọ́, gàrí, epo pupa àti ẹran díndín ló wà nínú ẹrù. Ṣé kò ní sí wàhálà? – Ìyá ọmọ, Challenge

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó ọmọ, mà. Wàhálà wà níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, London sì ni iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ parí sí. Ọmọ yín ni yóò jáde lọ gba ẹrù, tí yóò tún gbé e fún ilé-iṣẹ́ kejì. Ó lè nílò físà Britain kó tó lè jáde bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Tó bá balẹ̀ sí Heathrow, tí bàálù kejì sì ń gbéra ní Stansted, ọ̀nà tó lé ní 100 kìlómítà ló wà láàárín wọn. Báàgì kọ̀ọ̀kan ni ẹ tún máa ra àyè fún, kílò tó bá sì lé, owó ọ̀tọ̀ ni. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láti Èkó dé Dublin, tí ẹrù á fi dé ibẹ̀ láìgbà á lọ́nà, ló máa wọ́n kéré jù.

Ẹ yọ ẹran díndín kúrò. Ẹran àti wàrà láti Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ wọ Ireland, bó ti wù kó kéré. Ẹja gbígbẹ ṣeé gbé, kó má ju kílò 20 lọ. Ní ti epo, ẹ kọ́kọ́ bi ilé-iṣẹ́ bàálù bóyá wọ́n gbà á. Tí wọ́n bá gbà á, ẹ má rọ ọ́ kún. Bí bàálù bá gòkè, afẹ́fẹ́ inú ìgò máa ń wú, òun ló ń ti ìdérí. Ẹ fún ara ìgò ike náà wọlé díẹ̀ kí ẹ tó dé e, kó lè ráyè wú. Ẹ fi sẹ́lótéèpù yí ìdérí, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, àárín aṣọ ni kó wà, kó jìnnà sí gàrí.

Ìbéèrè: Báàgì tí wọ́n gbà ní ìdí bàálù bá fọ́, ta ló máa dáhùn fún un? – Òǹkàwé kan, Mọ́kọ́lá

Ìdáhùn: Bí wọ́n bá ti so táàgì mọ́ ọn tí wọ́n gbà á, ó ti wà ní ìkáwọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù. Ẹ má sọ táàgì kékeré tí wọ́n fún yín nù. Lábẹ́ àdéhùn Montreal ti 1999 tó de ìrìn-àjò òkè òkun, ọjọ́ 7 lẹ ní láti kọ̀wé ẹjọ́ fún ẹrù tó bàjẹ́, ọjọ́ 21 fún èyí tó pẹ́ dé. Ẹ lọ sí kóńtà ẹrù kí ẹ tó kúrò ní pápákọ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé ìjẹ́rìí.

Ìbéèrè: Ìyá àgbà tí kò lè gbé nǹkan ńkọ́? – Òǹkàwé kan, Ìyágankú

Ìdáhùn: Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ní kí ẹ fi tó wọn létí ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú, wọn á sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí màmá fi ń rìn kò sí lára ẹrù tí wọ́n ń gbowó lé lórí.