Kí ni ìtumọ̀ potlatch, kí sì ni ìjọba amúnisìn bá a dá pọ̀?

Olùbéèrè kan fẹ́ mọ ìtumọ̀ potlatch, àṣà tí àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ kì í yé fi ṣàpẹẹrẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dórí ẹ̀bùn. Ó tún béèrè bóyá lóòótọ́ ni ìjọba amúnisìn lọ́wọ́ nínú ìtumọ̀ tí wọ́n fún un.

Àsè ńlá ni potlatch láàárín àwọn Kwakwaka'wakw, Haida, Tlingit àti àwọn mìíràn tó ń gbé etí òkun Pàsífíìkì, láti British Columbia ní Kánádà títí dé Alaska. Bí ẹnì kan bá fẹ́ jẹ oyè, tí ìgbéyàwó bá wáyé tàbí tí àgbà kan bá kú, olórí ìdílé a pe àwọn ìdílé yòókù, wọn a jó, wọn a sọ ìtàn bí oyè náà ṣe di tiwọn, lẹ́yìn náà ni olùgbàlejò a wá pín dúkìá rẹ̀ fún àwọn àlejò. Ẹlẹ́rìí ni àlejò jẹ́ níbẹ̀: ẹni tó bá ti gba ẹ̀bùn ti fọwọ́ sí i pé oyè náà tọ́ sí ẹni tó jẹ ẹ́. Àwọn míṣọ́nnárì tó pè é ní ìnákúnàá kò rí èyí.

Franz Boas, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, ọmọ Jámánì tó di ará Amẹ́ríkà, ló kó àlàyé nípa àṣà yìí jọ pẹ̀lú George Hunt, ẹni tó dàgbà ní Fort Rupert, ní British Columbia, láàárín àwọn Kwakwaka'wakw, Boas sì tẹ ìwé ńlá jáde ní 1897. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Marcel Mauss, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Faransé tí kò ṣe ìwádìí kankan ní etíkun náà fúnra rẹ̀, ti fa àbá rẹ̀ ti 1925 yọ: pé dandan ni kí ènìyàn fúnni, dandan ni kí ó gbà, dandan sì ni kí ó san án padà. Lójú tirẹ̀, àpẹẹrẹ àwùjọ ayé àtijọ́ ni potlatch.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Lẹ́yìn tí Hudson's Bay, iléeṣẹ́ ìṣòwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ Fort Rupert ní 1849, kúbùsù onírun àgùntàn tí wọ́n ń tà di òṣùwọ̀n ọrọ̀ níbẹ̀. Ní 1862, àrùn ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Victoria ní British Columbia, ó sì ràn ká etíkun. Àwọn ènìyàn kú lọ bẹẹrẹ, oyè wá pọ̀ ju ẹni tí yóò jẹ ẹ́ lọ, àwọn tí ipò wọn jìnnà sí oyè tẹ́lẹ̀ sì rí àyè du ú. Owó tí wọn yóò fi du ú náà kò wọ́n wọn, nítorí wọ́n ń gba owó iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di ẹja sínú agolo. Helen Codere, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, yẹ àkọsílẹ̀ ìtàn wò, ó sì fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1950 pé bí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣe ń lọ ni iye kúbùsù tí wọ́n ń pín ń pọ̀ sí i, títí ó fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún níbi àsè kan ṣoṣo. Ìdíje gbígbóná tí Mauss kà sí ìwà àtijọ́, ojúgbà ìjọba amúnisìn ni.

Ìjọba yẹn náà, ìyẹn ti Kánádà, ló tún fi òfin de potlatch láti 1885 títí di 1951. Nígbà Kérésìmesì 1921, Dan Cranmer, olóyè Kwakwaka'wakw kan, se potlatch ńlá ní Village Island, erékùṣù kan ní British Columbia, wọ́n sì mú ènìyàn 45. Ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n jó, wọ́n sọ̀rọ̀ láwùjọ, wọ́n pín ẹ̀bùn. Ìjọba ní kí àwọn tí wọ́n mú yàn: kí wọ́n kó ìbòjú àti àwo bàbà tó jẹ́ àmì oyè wọn fún ìjọba, tàbí kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n. Kò ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́yìn èyí tí Mauss fi ń rọ àwọn ará Yúróòpù pé kí wọ́n kọ́ ọ̀làwọ́ lára irú àwùjọ bẹ́ẹ̀.

N kò sọ pé kí a da àbá Mauss nù, nítorí gbèsè tó wà nínú ẹ̀bùn ṣì dúró digbí. Ohun tí ìmúnisìn gbé wọ inú rẹ̀ ni àṣà kíka àwọn alààyè sí baba ńlá àwọn ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe Mauss nìkan ni èyí bá. Émile Durkheim, onímọ̀ nípa àwùjọ tó jẹ́ àbúrò ìyá Mauss, gbé ìwé 1912 rẹ̀ nípa ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn karí ìròyìn tí Baldwin Spencer àti Frank Gillen kọ nípa àwọn onílẹ̀ ìbílẹ̀ Ọsirélíà; òṣìṣẹ́ ìjọba ni Gillen yìí, òun ló ń bójú tó ibùdó wáyà ìjọba ní Alice Springs.